Kábíyèsí Tí Ọdẹ́jìnmí Kí ní Ìlú Adáwà

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi ni Bàbá Ọdẹ́jìnmí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọdẹ tó mọ inú igbó ju bó ti mọ ilé àwọn àna rẹ̀ lọ. Abẹ́ igi ìyeyè ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ti sọ ọ́, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú débi pé kò sẹ́ni tó lè lọ sóko. Àwa ọmọ ilé jókòó yí i ká, àwọn ará àdúgbò náà sì kún wa. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń bó ẹ̀gúsí. Bí ọ̀rọ̀ Bàbá bá ti fẹ́ kọjá ààlà, Ìyá Àgbà a wúkọ́. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́, mo kọ ikọ́ náà mọ́ ọn.

Bàbá ní:

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí a ń fi ìdí kan gbọ́. Èmi Ọdẹ́jìnmí rèé, èmi tí ẹfọ̀n rí lókèèrè tó gbàgbé ìwo rẹ̀ sílẹ̀ tó sá lọ—

Ìyá Àgbà wúkọ́. Ó ní, "Ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ Lágbàyí aládùúgbò wa ni, Lágbàyí sì ti pè é lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀."

Ẹ má dá a lóhùn. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, oyún ti wọ oṣù ìbímọ nínú obìnrin yìí. Mo ní kó jókòó sílé. Ṣé ẹ rò pé ó gbọ́? Ìgbín ló ń wù ú jẹ. Bí òjò ṣe dá báyìí, ó gbé agbọ̀n, ó ń tọ ipa ìgbín lọ, ó kọjá igbó tí a mọ̀, ó kọjá igbó tí a kàn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó bá ara rẹ̀ nínú igbó tí kò lórúkọ. Ó rí bodè ìlú kan níbẹ̀. Ó wọlé kó lè béèrè ọ̀nà, nítorí pé abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìlẹ̀kùn bodè sì tì mọ́ ọn lẹ́yìn.

Àparò kan ló wá sọ fún mi. Mo ti na ìbọn sí i tán kó tó lanu. Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, bí o bá pa mí, ta ni yóò júwe ibi tí ìyàwó rẹ wà fún ọ?" Mo sọ ìbọn kalẹ̀. Ó ní, "Ìlú Adáwà ló wà. Ọmọ tí a bá bí sínú ìlú náà ti di ti ìlú náà, kò ní jáde mọ́ láéláé. Ìyá ọmọ wo ni yóò sì fi ọmọ sílẹ̀ lọ? Ẹnì kan ṣoṣo ló ní àṣẹ láti ṣí bodè fún àlejò. Adáhùn ni wọ́n ń pè é. Bí o bá fẹ́ràn ìyàwó rẹ, sáré. Bí o kò bá fẹ́ràn rẹ̀, yìnbọn."

Mo sáré. N kò ní fi ìròyìn ọ̀nà da yín láàmú. Ẹ̀gún gún mi, èmi náà sì gún ẹ̀gún padà.

Ibi tí igbó ti ṣú jù lọ ni mo ti bá iwin kan tó dúró ṣánṣán lójú ọ̀nà. Ẹ̀gà ti kọ́lé sórí rẹ̀, ìtàkùn ti lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ikán sì ti mọlé dé eékún rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan.

Mo ní, "Ẹ kú ìdúró o, bàbá."

Ó ní, "Wò mí dáadáa kí o lè dá mi mọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ìdíkòkanlẹ̀ lorúkọ mi. Mo ti búra pé ìdí mi kò ní kan ilẹ̀ títí n ó fi jókòó sórí àga Adáhùn Ìlú Adáwà. Bí mo bá débẹ̀, inú ìkòkò nìkan ni òjò yóò máa rọ̀ sí, kò ní kan aṣọ ẹnikẹ́ni. Iṣu yóò máa hù ní sísè. Efinrin yóò máa já ara rẹ̀ wá sínú ọbẹ̀."

Mo ní, "Ìyàwó mi tó fẹ́ bímọ ńkọ́?"

Ó ní, "Ìyẹn náà wà nínú ètò."

Kò jẹ́ kí n kọjá, àfi bí mo bá lè já àlọ́ rẹ̀. Ó ní, "Kí ló máa ń dé bá àgbà ọkùnrin tí yóò fi oúnjẹ sílẹ̀, tí yóò fi ìyàwó sílẹ̀, tí kò ní lè sùn, tí kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ́nà, tó jẹ́ pé ibi tí yóò ti jókòó nìkan ló ń wá kiri?"

Oyè ni ìdáhùn tó wà lọ́kàn rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀. Ohun tí èmi mọ̀ ni mo sọ. Mo ní, "Ìgbẹ́ gbuuru ni."

Iwin náà wò mí. Ni ẹ̀rín bá bú jáde láti inú rẹ̀. Ó rín títí tí àwọn ẹ̀gà fi fò kúrò lórí rẹ̀, ó rín títí tí ilé ikán fi wó, ó dì mọ́ igi, igi ṣẹ́, ìdí rẹ̀ sì balẹ̀ gbì! Ìbúra bàjẹ́. Mo rò pé yóò pa mí ni. Ó fọwọ́ pa ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń pa orí ọmọ. Ó ní, "Ọdẹ, báyìí ni ilẹ̀ ṣe dùn tó, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi? Máa lọ. Jẹ́ kí n jókòó."

Ìyá Àgbà wúkọ́. Ó ní, "Ẹ bi í bí ó ṣe tètè mọ ìdáhùn. Òun fúnra rẹ̀ ti yà wọ igbó lẹ́ẹ̀melòó kó tó débẹ̀?"

Ìyẹn kì í ṣe ara ìtàn. Mo dé bodè Adáwà. Oníbodè jẹ́ obìnrin kan tó sanra bí òkè, tí ojú rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́. Bó bá fẹ́ wò ọ́, a na ọwọ́ sí ọ bí ẹni fẹ́ gbá ọ létí. Mo béèrè ẹni tó jẹ́ ọba ìlú wọn.

Ó ní, "Ọba kẹ̀? Ọba àwọn iwin òkè ló kọ́kọ́ ni wá, ọba àwọn iwin odò sì fi ogun gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ará ìlú yìí fẹ́ràn ìbéèrè. Ọba kò tíì jókòó tán tí a ti ń bi í pé, 'Iṣẹ́ wo gan-an lẹ ń ṣe?' Orí fọ́ ọba odò, ó dá wa padà fún ọba òkè. Ọba òkè ní òun kò gbà, kí wọ́n má tilẹ̀ kó wa dé iwájú òun. Àwọn méjèèjì bá fẹnu kò pé kí a máa dá wà. Bí a ṣe di Adáwà nìyẹn. Àwa la ń ṣe ìjọba ara wa."

"Kí wá ni agbára Adáhùn?"

"Ó lè ṣí bodè, ó lè tì í. Ó lè dá ẹjọ́ ẹni tó jí adìyẹ, ó sì lè yan ẹni tí yóò gbá ọjà. Kò lè kó wa lọ sógun. Kò lè fi oyè sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Kò sì lè kọ ìbéèrè, ìbáà jẹ́ wèrè ló bi í. Bí oòrùn bá wọ̀ bá ìbéèrè kan tí kò tíì dáhùn, ó ti kúrò lórí àga nìyẹn."

"Báwo lẹ ṣe ń yàn án?"

"Ẹni tó bá ń fẹ́ oyè a lọ dúró lórí ààtàn, a ó sì tú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú ìbéèrè. Ẹni tó bá bínú, ilé ló ń lọ. Pẹ̀lẹ́bẹ́ ló wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí orí rẹ̀ rí bí ìdí ìkòkò. Ó ní, 'Ìyá mi ló mọ ọ́n, ẹ lọ bi wọ́n.' Ojú ẹsẹ̀ la gbé e." Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi, ó tẹjú mọ́ mi. "Ṣọ́ ẹnu rẹ o. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá sọ níwájú Adáhùn, tí ìlú bá ti dáhùn sí i pé 'bẹ́ẹ̀ ni', ó ti di òfin."

Èmi Ọdẹ́jìnmí ni wọ́n ní kó ṣọ́ ẹnu! Mo wọlé.

Ojúde kún fọ́fọ́. Adáhùn jókòó sáàárín, ó tín-ín-rín bí abẹ àdá, ẹ̀kọ rẹ̀ ti dì síwájú rẹ̀, wọn kò jẹ́ kó jẹ ẹ́. "Adáhùn, ṣé ṣòkòtò àná nìyẹn?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Adáhùn, ìyàwó rẹ bú ọ láàárọ̀ yìí àbí kò bú ọ?" Ó ní ó bú òun. Ni arúgbó kan bá ti ẹ̀yìn èrò wá, ìyá tó bí i lọ́mọ, ó sì ké tantan pé, "Pẹ̀lẹ́bẹ́ ọmọ mi, ṣé jẹ̀díjẹ̀dí yẹn ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀?"

Gbogbo ìlú dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Adáhùn wolẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, ó ti dín kù."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rí Àwẹ̀ró láàárín àwọn obìnrin, ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ níbàdí, ikùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí n fi ẹ̀kọ́ ilé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, nítorí ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Mo na gbalaja síwájú olórí ìlú wọn, mo sì ké e bí bàbá mi ṣe kọ́ mi láti máa ké e níwájú olórí ìlú: "Kábíyèsí o!"

Adáhùn ní, "Kí nìyẹn?"

Mo ní, "Bí a ṣe ń kí àwọn olórí lọ́dọ̀ tiwa nìyẹn."

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Inú mi dùn pé mo mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ó túmọ̀ sí pé kí a bi yín, kò sí. Ẹni tí yóò bi yín léèrè ohunkóhun kò sí láyé."

Pẹ̀lẹ́bẹ́ dìde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó nàró. Ó wo àwọn ará ìlú, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí àlejò sọ?"

Kò bi wọ́n ní ìbéèrè rí láti ìgbà tó ti dórí oyè. Ó yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, a gbọ́."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè! Ọ̀rọ̀ ti di òfin. Ọkùnrin kan fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Obìnrin kan lanu, ó ní "kí l—", ó di odi. Pẹ̀lẹ́bẹ́ fa ẹ̀kọ rẹ̀ mọ́ra, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ewé.

Ẹ wá wo ìjọba. Ó ní kí gbogbo ìlú máa fi ẹ̀yìn rìn níwájú òun. Ó ní bí òun bá sín, ọdún dé, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí fín aáṣáà. Ọdún lójoojúmọ́! Èpò bo oko, ebi ń pa ará ìlú, wọ́n sì ń jó. Pẹ̀lẹ́bẹ́ sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bo ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè béèrè ìdí.

Èmi náà lọ bá a nítorí bodè. "Ṣé" ni mo rí sọ, ahọ́n mi lẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Mo dọ́gbọ́n, mo yọ ìbéèrè kúrò nínú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣí bodè fún èmi àti ìyàwó mi."

Ó ní, "Rárá."

Mo fẹ́ béèrè ìdí tó fi jẹ́ rárá. Ahọ́n mi tún lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí o bá lọ, ta ni yóò máa kí mi bí o ṣe ń kí mi yẹn láàárọ̀? Ohùn rẹ dára."

Mo padà bá Àwẹ̀ró nílé Ìyá Pẹ̀lẹ́bẹ́, níbi tí wọ́n fi í wọ̀ sí. Ó ti di òpó mú. Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, ẹran ni mo mọ̀ pé o máa ń pa, n kò mọ̀ pé o lè fi ẹnu pa odindi ìlú. Ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀ níbàdí mi. Ìlú yìí kò gba ọ̀rọ̀ bíbi mọ́, ọ̀rọ̀ bíbí ló kù, n kò sì ní bímọ fún ẹni tó ń fín aáṣáà."

Mo ní, "Kí la ó ṣe?"

"Dákẹ́. Ìyẹn gan-an la ó ṣe." Ó kọjú sí Ìyá Pẹ̀lẹ́bẹ́ àti àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀. "Ọmọ yín ní kí a má bi òun. Ẹ jẹ́ kí a gbà fún un pátápátá. Ìbéèrè ni 'Ṣé ẹ jíire?' Ìbéèrè ni 'Kí lẹ ó jẹ?' Ìbéèrè ni 'Ara ńkọ́?' Òfin ni òfin. Ẹ má bi í ní ọ̀kankan."

Ahọ́n wọn ì bá tilẹ̀ lẹ̀ bí wọ́n gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti máa ń gbé oúnjẹ lọ láìsọ̀rọ̀, tí wọ́n ń fi ojú kí i. Wọ́n ṣíwọ́. Ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Olóúnjẹ kò mọ ohun tí yóò jẹ, kò sì lè béèrè, ó bá kúkú pa iná. Ó pariwo omi. Ẹni tó gbé omi wá kò lè bi í bóyá ó fẹ́ tútù tàbí gbígbóná, ó da èyí tó ń hó sí i lẹ́sẹ̀. Ó ké, "Yéè!" Àwọn ènìyàn ń kọjá lọ. Ta ni yóò bi í pé kí ló ṣe é? Ó sín. Kò sẹ́ni tó jó. Ó fi ọwọ́ lérán, ó ń wo ojúde tó ṣófo bí ẹnu arúgbó.

Títí oòrùn fi yí ni Àwẹ̀ró ń rìn yí ilé ká, ó ń fọwọ́ ti ògiri, ó ń bá ọmọ inú rẹ̀ sọ pé, "Dúró díẹ̀, má tíì wá, ibi kọ́ nìyí." Òógùn bo gbogbo ara rẹ̀. Èmi tí ẹfọ̀n ń sá fún, omi ń bọ́ lójú mi.

Nígbà náà ni Ìyá Pẹ̀lẹ́bẹ́ dìde, ó mú ọ̀pá, ó lọ sí ojúde. Ó dé iwájú ọmọ rẹ̀. Gbogbo wa ń yọjú. Pẹ̀lẹ́bẹ́ gbójú sókè, ó ń retí. Ìyá rẹ̀ wò ó látòkè délẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ó já sílẹ̀ látorí àga, ó di ìró ìyá rẹ̀ mú. "Ìyá mi, ẹ bi mí! Ẹ bi mí nípa jẹ̀díjẹ̀dí mi! Ó ti le sí i, kò sì sẹ́ni tó béèrè! Ẹ̀yin ará ìlú, mo kó ọ̀rọ̀ náà jẹ, n kò ṣe kábíyèsí mọ́! Ṣé ẹ gbọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!" Ariwo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé.

Ìyá rẹ̀ bi í. Ó dáhùn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó dáhùn débi pé àwọn ọmọdé di imú. Àwẹ̀ró kò dúró kó parí rẹ̀. Ó wọ́ dé iwájú rẹ̀, ó ní, "Adáhùn, ṣé o ó ṣí bodè fún mi?"

Pẹ̀lẹ́bẹ́ nu imú. Ó ní, "N ó ṣí i, ìyá ọmọ." Bodè sì là gbàà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ti wà lẹ́nu gbogbo ìlú láti ọjọ́ yìí wá ya lù ú lẹ́ẹ̀kan náà bí àgbàrá. Ewúrẹ́ ẹni kan, ààlà ẹni kan, aáṣáà tó fín, ijó tí ebi pa wọ́n jó. Ó ń dáhùn kíákíá, oòrùn náà sì ń sọ̀ kíákíá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbéèrè ṣì wà nílẹ̀ nígbà tó wọ̀. Pẹ̀lẹ́bẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó di apá ìyá rẹ̀ mú, kò sì jọ pé ó dùn ún. Àga ṣófo. Ìlẹ̀kùn bodè bẹ̀rẹ̀ sí padà dé díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo ìlú wá yíjú sí Àwẹ̀ró. Wọ́n ní, "Ẹni tó mọ ìgbà tí a kì í béèrè ló yẹ kó máa dá wa lóhùn. Àwẹ̀ró, ṣé o ó jẹ Adáhùn wa?"

Mo na ọrùn. Mo rò pé ó lè kàn mí tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó wò mí.

Oníbodè fi àtẹ́lẹwọ́ wo Àwẹ̀ró, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Má dáhùn. Bó jẹ́ 'rárá' lo sọ, o ti dáhùn, ẹni tó bá sì dáhùn, Adáhùn ni. Bí o bá tilẹ̀ yí ojú padà, ìdáhùn ni wọn ó kà á sí."

Mo ti lanu kí n bá a dúpẹ́ lọ́wọ́ ìlú. Àwẹ̀ró gbé àkàṣù ẹ̀kọ tútù kan tí ẹnì kan ti gbé wá fún Pẹ̀lẹ́bẹ́ kúrò lórí àga, ó fi dí mi lẹ́nu, ó sì kọjú sí bodè.

Wọ́n ń tẹ̀lé e. "Àwẹ̀ró, ṣé a ṣẹ̀ ọ́ ni?" Ó ń lọ. "Àwẹ̀ró, ta ni yóò gbá ọjà wa lọ́la?" Ìrora mú un, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ti orí eékún, ó nàró, ó ń lọ. Ìlẹ̀kùn ti kù bí ìbú ènìyàn kan. Ọmọdébìnrin kan sáré jáde láàárín èrò, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, kò sì sí ẹ̀tàn kankan nínú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, kí lẹ ó sọ ọmọ náà?"

Mo rí i tí ọrùn Àwẹ̀ró fẹ́ yí padà. Obìnrin wo ni kì í fẹ́ dáhùn ìyẹn? Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ikùn rẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ wọ àlàfo ìlẹ̀kùn náà, ó sì gba inú igbó lọ, kò wẹ̀yìn; èmi náà fi ẹ̀gbẹ́ tẹ̀lé e kí ìlẹ̀kùn tó dé, ẹ̀kọ ṣì wà lẹ́nu mi.